Áírísì Wo Ni Ilẹ̀ Yín Lè Gbà? Ìfiwéra Àwọn Ẹ̀yà Tí Ó Ń Pẹ́ Lọ́gbà

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbin áírísì sí ọgbà ilé rẹ̀ sábà máa ń fi ojú yan èyí tí yóò gbìn. Ó rí òdòdó elésè àlùkò kan tí etí rẹ̀ ṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ọkàn rẹ̀ fà sí i, ó sì sanwó rẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni wí nítorí èyí, torí pé ẹwà ni a ṣe ń gbin òdòdó. Ṣùgbọ́n ohun tí ọdún púpọ̀ nínú ọgbà fi yé mi ni pé ilẹ̀ kì í wo àwọ̀. Omi tí ó ń dúró sí ìdí irúgbìn, tàbí tí ó ń fà kúrò níbẹ̀, ni ó ń pinnu èyí tí yóò yè àti èyí tí yóò jẹrà, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a fi àwọn áírísì tí ó ń pẹ́ lọ́gbà wéra láti ìdí lọ sókè, kí a tó débi òdòdó.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń sọ fún ẹni tí ó bá bi mí léèrè ni pé kí ó lọ gbẹ́ ihò. Ẹ gbẹ́ ihò tí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30 sí ojú ibi tí ẹ fẹ́ gbin nǹkan sí gan-an, kí ẹ bu omi kún un, kí ẹ jẹ́ kí ó fà tán, kí ẹ sì tún un bù kún lẹ́ẹ̀kejì. Omi kejì yìí ni kí ẹ máa ṣọ́. Bí ó bá ń lọ sílẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 sí 5 láàárín wákàtí kan, ilẹ̀ yín ń fa omi dáadáa. Bí ó bá lọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì mọ́ tí omi ṣì wà nínú ihò, ó ní láti jẹ́ pé ilẹ̀ amọ̀ ni, tàbí pé omi abẹ́ ilẹ̀ súnmọ́ òkè níbẹ̀. Ẹ má ṣe bọkàn jẹ́ bí ó bá rí bẹ́ẹ̀. Áírísì wà fún ilẹ̀ gbígbẹ, ó sì wà fún ilẹ̀ olómi. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni ẹ̀yà kan ṣoṣo tí yóò tẹ́ méjèèjì lọ́rùn.

Oríṣi áírísì tí àwọn onímọ̀ ewéko ti kà tó nǹkan bí 300, orúkọ wọn sì wá láti inú èdè Gíríìkì, níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti túmọ̀ sí òṣùmàrè. Òdòdó wọn kò ṣòro dá mọ̀, nítorí pé mẹ́ta nínú ewé òdòdó náà nàró sókè, mẹ́ta yòókù sì rọ̀ sísàlẹ̀. Nígbà tí mo bá ní irúgbìn kan ń pẹ́ lọ́gbà, ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé ewé rẹ̀ lè kú nígbà òtútù kí yìnyín sì bo ojú ilẹ̀, síbẹ̀ kí ìdí rẹ̀ wà láàyè, kí ó sì tún hù nígbà ìrúwé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún un gbìn. Kí n tó gbàgbé: oje wọn a máa yún àwọn ẹlòmíràn lára, iṣu wọn, ìyẹn ìdí wọn tí gbòǹgbò ti ń yọ, kì í ṣe iṣu tí a ń jẹ, sì lè ṣe ajá tàbí ológbò tí ó bá jẹ ẹ́ ní jàǹbá. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ bí ẹ bá ń gé e, ẹ má sì fi èyí tí ẹ hú sílẹ̀ káàkiri.

Onírùngbọ̀n àti Sàìbéríà

Àwọn méjì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣiyèméjì láàárín wọn ni áírísì onírùngbọ̀n àti áírísì Sàìbéríà, nítorí náà àwọn ni mo máa pẹ́ lórí wọn jù.

Ẹ gbé ìdí àwọn méjèèjì lé àtẹ́lẹwọ́. Onírùngbọ̀n, tí ó gba orúkọ rẹ̀ nítorí irun kúkúrú tí ó tò bí rùngbọ̀n sí àárín ewé òdòdó mẹ́ta tí ó rọ̀ sísàlẹ̀, ní iṣu tí ó sanra, tí ó le, tí ó rí bí atalẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń yọ lábẹ́ bí okùn funfun. Bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kò ní wọlé. Iṣu ti Sàìbéríà kéré, ó tínrín, gbòǹgbò tí ó dì mọ́ra bí irun tí kò rí òòyà sì bò ó débi pé ẹ lè má tètè rí i. Ìyàtọ̀ inú ọwọ́ yín yìí ni gbogbo ìyàtọ̀ yòókù ti ṣẹ̀ wá. Àwọn bíi Iris pallida, tí ó wà lára àwọn tí a ti mú onírùngbọ̀n jáde, wá láti àgbègbè Òkun Mẹditaréníà, níbi tí òjò ti ń rọ̀ nígbà òtútù tí ilẹ̀ sì ń gbẹ táútáú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iṣu sísanra yẹn sì ni àpò tí ó fi ń tọ́jú oúnjẹ àti omi pamọ́ de ọ̀dá. Iris sibirica àti Iris sanguinea, tí a ti mú Sàìbéríà inú ọgbà jáde, jẹ́ ọmọ pápá koríko tútù ní Yúróòpù àti Éṣíà. Omi kò jìnnà sí wọn níbẹ̀, wọn kò sì ní ohun tí wọ́n fẹ́ fi àpò ńlá ṣe.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà tí a ń gbà gbìn wọ́n ti yà. Fún onírùngbọ̀n, ẹ gbẹ́ ihò tí kò jìn, ẹ mọ òkìtì kékeré sí àárín rẹ̀, ẹ gbé iṣu gun òkìtì náà bí ẹni gbé ènìyàn gun ẹṣin, kí gbòǹgbò rọ̀ sí ọ̀tún àti òsì, kí ẹ wá kó erùpẹ̀ bo gbòǹgbò nìkan. Ẹ̀yìn iṣu gbọ́dọ̀ hàn síta kí oòrùn lè máa pa á. Níbi tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn bá ti le púpọ̀, ẹ lè fi erùpẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, ṣùgbọ́n kí ó má ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ. Sàìbéríà yàtọ̀ pátápátá: ẹ rì í wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2.5 sí 5, ẹ fún un lómi lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí gbòǹgbò rẹ̀ gbẹ láàárín ìgbà tí ẹ hú u àti ìgbà tí ẹ gbìn ín, nítorí pé gbòǹgbò rẹ̀ tí ó bá ti gbẹ kì í sábà sọjí.

Mo mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí a bá gbin onírùngbọ̀n bí ẹni gbin Sàìbéríà, torí pé mo ti ṣe é. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ gbìn ín, mo rì iṣu mẹ́fà wọlẹ̀, mo sì fi ẹsẹ̀ tẹ erùpẹ̀ lé wọn lórí kí afẹ́fẹ́ má baà gbé wọn ṣubú. Ewé yọ, ó tutù yọ̀yọ̀, ó tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀, ọdún méjì sì kọjá tí n kò rí òdòdó kan. Mo rò pé ebi ni ó ń pa wọ́n, mo bu ajílẹ̀ lé e, ewé tún pọ̀ sí i. Ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kẹta ni mo kúnlẹ̀ tí mo fi ìka họ erùpẹ̀ kúrò. Méjì ti rọ̀ bí kànrìnkàn inú omi, òórùn wọn kò sì ṣeé gbọ́. Mẹ́rin le, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń yí orí sókè bí ẹni ń wá èémí. Mo hú mẹ́rin náà, mo gbé wọn jókòó sókè bí ó ti yẹ, mẹ́ta nínú wọn sì tanná nígbà ìrúwé tí ó tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà, bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé onírùngbọ̀n òun ń yọ ewé láìyọ òdòdó, ìbéèrè mi àkọ́kọ́ ni pé: ṣé ẹ lè rí ẹ̀yìn iṣu náà láti ibi tí ẹ dúró sí?

Ajílẹ̀ tí mo bù lé wọn nígbà náà jẹ́ àṣìṣe mìíràn. Ajílẹ̀ tí náítírójìn pọ̀ nínú rẹ̀ a máa mú kí ewé onírùngbọ̀n rọ̀ kí iṣu rẹ̀ sì di ohun tí àrùn ìjẹrà lè tètè mú, nítorí náà díẹ̀ ni kí ẹ fún un, kí ó jẹ́ èyí tí náítírójìn rẹ̀ kéré, kí ó sì jìnnà sí ẹ̀yìn iṣu. Sàìbéríà ní tirẹ̀ fẹ́ràn ilẹ̀ dúdú tí ó kún fún ewé jíjẹrà, ó fẹ́ràn kí ilẹ̀ ní ásíìdì díẹ̀, ó sì ń fẹ́ omi déédéé láti ìgbà tí ewé rẹ̀ bá ti yọ títí tí yóò fi tanná tán. Ẹ lè fi ewé gbígbẹ bo ìdí Sàìbéríà kí ọ̀rinrin má baà lọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi bo ìdí onírùngbọ̀n, ìjẹrà ni ẹ ń ké sí. Ní ti oòrùn, onírùngbọ̀n kò gba àìtó: wákàtí mẹ́fà lóòjọ́ ni ó kéré jù. Sàìbéríà yóò tanná dáadáa nínú oòrùn kan náà, ṣùgbọ́n oòrùn ìdajì ọjọ́ pàápàá kò ní kó má tanná.

Nígbà tí ó bá kan òdòdó, kò sí ìjà: onírùngbọ̀n ni ó ní àwọ̀ jù. Funfun wà, dúdú tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ òru wà, àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ aró, ìyeyè, elésè àlùkò, òmíràn sì ní àwọ̀ kan lókè àti òmíràn nísàlẹ̀. Pupa bí ẹ̀jẹ̀ nìkan ni àwọn tí ń mú irú tuntun jáde kò tíì rí. Òdòdó rẹ̀ tóbi, ọ̀pá gíga kan sì lè ru ìrudi méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n ń là tẹ̀ léra, kálukú fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Sàìbéríà kò ní àwọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìrudi rẹ̀ sì kéré sí i níye, ṣùgbọ́n ìdí kan tí ó ti dàgbà lè na ọ̀pá ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Irú Sàìbéríà kan tí ń jẹ́ ‘Caesar's Brother’, tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1932, ṣì wà lára àwọn tí a ń gbìn jù títí di òní, elésè àlùkò rẹ̀ sì jinlẹ̀ débi pé ó dà bí aṣọ àrán lójú mi. Ohun kan tún wà tí àwòrán kì í fi hàn. Bí òjò ńlá àti afẹ́fẹ́ bá dé ní ọ̀sẹ̀ tí òdòdó ń là, orí onírùngbọ̀n gíga a gba omi, a wúwo, a sì dá ọ̀pá náà sílẹ̀ àfi bí ẹ bá ti fi igi tì í. Sàìbéríà a tẹrí ba, a sì tún nàró.

Lẹ́yìn òdòdó ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni òdòdó fi ń wà, ewé ni ẹ óò máa wò ní gbogbo oṣù tó kù. Ewé onírùngbọ̀n a máa ní àmì pupa rúsúrúsú bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń lọ sópin, orí rẹ̀ a gbẹ, ẹ óò sì ní láti máa gé e. Ewé Sàìbéríà tẹ́ẹ́rẹ́ bí koríko gíga, ó ń dúró ṣinṣin títí di ìgbà ìwọ́wé kí ó tó pọ́n. Ibi tí ojú àlejò ti ń kọ́kọ́ kan ọgbà, Sàìbéríà ni èmi máa ń gbìn síbẹ̀, mo sì máa ń fi onírùngbọ̀n sí ibi tí irúgbìn mìíràn yóò ti bò ó lẹ́yìn tí ó bá ti tanná tán.

Iṣẹ́ tí ó wà lórí méjèèjì kò dọ́gba. Iṣu onírùngbọ̀n tí ó bá ti yọ òdòdó lẹ́ẹ̀kan kò tún ní yọ ọ́ mọ́ láéláé. Àwọn ọmọ tí ó bí sí ẹ̀gbẹ́ ni yóò gba ipò rẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn ìyá tí ó ti gbó a wà láàárín, àwọn ọmọ a máa gun ara wọn, òdòdó a sì máa dín kù. Nítorí náà ni a ṣe ń hú u ní ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lẹ́yìn ìtànná, kí a fi ọ̀bẹ gé àwọn ọmọ kúrò lára ìyá, kí a gé ewé wọn kù sí sẹ̀ǹtímítà 15, kí a sì ju ìyá nù. Sàìbéríà lè wà lójú kan fún ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Ìgbà tí àárín rẹ̀ bá pá bí orí àgbàlagbà ni ẹ óò mọ̀ pé àkókò tó, ẹ ó sì lo agbára ní ọjọ́ náà, nítorí pé ṣọ́bìrì mímú tàbí ayùn ni ó ń pín in. Ó tún ń béèrè sùúrù níbẹ̀rẹ̀: ọdún méjì àkọ́kọ́ kì í sábà lójú, ọdún kẹta ni ó ń fi ara rẹ̀ hàn.

Bí ẹ bá bi mí, ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ, tí oòrùn rẹ̀ pọ̀, tí ó sì fẹ́ràn láti máa fọwọ́ kan irúgbìn rẹ̀, onírùngbọ̀n ni tirẹ̀. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀rinrin, tí kò sì ní àyè fún iṣẹ́ púpọ̀, kí ó má wulẹ̀ bá onírùngbọ̀n jìjàkadì.

Gíga onírùngbọ̀n kò rí bákan náà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó sọ pé onírùngbọ̀n ń wó, àwọn gíga nìkan ni wọ́n mọ̀. Ẹgbẹ́ áírísì ti Amẹ́ríkà, tí a dá sílẹ̀ ní 1920, pín onírùngbọ̀n sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí gíga wọn: àwọn ràrá tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, àwọn kúkúrú tí ó wà láàárín 20 sí 41, àwọn agbedeméjì láti 41 dé 70, àti àwọn gíga tí ó ju 70 lọ. Bí wọ́n bá ṣe kúrú tó ni wọ́n ń yá tanná tó, nítorí náà ẹni tí ó bá gbin ràrá, agbedeméjì àti gíga pọ̀ yóò rí òdòdó fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ dípò méjì tàbí mẹ́ta. Fún ọgbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọ̀, àwọn agbedeméjì ni mo fọwọ́ sọ̀yà fún. Òdòdó wọn ṣì tóbi tó, ọ̀pá wọn kò sì nílò igi.

Àwọn kan tún wà nínú onírùngbọ̀n tí ó ń tanná nígbà ìrúwé, tí ó sì tún ń tanná kí òtútù tó dé. ‘Immortality’, òdòdó funfun tí ó jáde ní 1982, ni gbogbo ènìyàn mọ̀ jù nínú wọn. Ẹ má ṣe rà á pẹ̀lú ìrètí tí ó pọ̀ jù bí òtútù ibùgbé yín bá máa ń tètè dé, torí pé ìrudi rẹ̀ kejì lè bá yìnyín pàdé kí ó tó là. Nínú onírùngbọ̀n, irú èyí nìkan ni mo máa ń fún lómi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ilẹ̀ tí omi kì í kúrò nínú rẹ̀

Bí omi inú ihò yín bá dúró di ọjọ́ kejì, ẹ̀yà mẹ́ta mìíràn ni ẹ óò wò.

Áírísì Jàpáánì, Iris ensata, ni òdòdó rẹ̀ fẹ̀ jù nínú gbogbo wọn. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, ó sì ń là lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn ará Jàpáánì ti fi ń ṣa àwọn tí ó dára jù nínú rẹ̀. Ohun tí ó ń fẹ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò gba ẹ̀bẹ̀ lórí rẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ásíìdì, kí pH rẹ̀, ìyẹn òǹkà tí a fi ń wọn ásíìdì, wà láàárín 5.5 sí 6.5, bí ẹfun bá sì wà nínú ilẹ̀ tàbí nínú omi yín, ewé rẹ̀ yóò máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ títí tí yóò fi kú. Ó ń fẹ́ omi púpọ̀ nígbà ìrúwé àti ẹ̀ẹ̀rùn, kò sì fẹ́ kí ìdí rẹ̀ wà nínú omi nígbà òtútù, ọ̀rọ̀ tí ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu, nítorí pé wọ́n ti rí àwòrán rẹ̀ nínú ọgbà tí omi kún. Ìgbà ìtànná ni wọ́n sábà máa ń da omi sínú irú ọgbà bẹ́ẹ̀. Ohun mìíràn ni pé gbòǹgbò tuntun rẹ̀ ń yọ lórí ti àtijọ́, nítorí náà ìdí rẹ̀ ń gòkè díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ gbìn ín jìn ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7, kí ẹ sì pín in láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin.

Áírísì Louisiana, tí a mú jáde láti inú àwọn ẹ̀yà igbó apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà bíi Iris fulva, Iris brevicaulis àti Iris nelsonii, rọrùn jù ú lọ. Òun náà fẹ́ ilẹ̀ tí ó ní ásíìdì díẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè dúró nínú omi tí kò jìn yí ọdún ká, ó sì ń fara da ooru. Iris fulva tún fún un ní àwọ̀ pupa bí irin tí ó dípẹtà, èyí tí ẹ kò lè rí lára Sàìbéríà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, iṣu rẹ̀ a máa rìn jáde kúrò ní ibi tí ẹ gbìn ín sí, nítorí náà ẹ fún un láyè. Oòrùn tí ó bá pa iṣu rẹ̀ tí ó hàn síta a máa sun ún, nítorí náà ẹ fi ewé gbígbẹ bò ó, òdìkejì ohun tí mo sọ nípa onírùngbọ̀n.

Ẹ̀kẹta ni Iris pseudacorus, áírísì ìyeyè tí ń hù létí omi ní Yúróòpù. Kò sí èyí tí ó rọrùn tó o, ibẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ wà. Èso rẹ̀ ń léfòó lórí omi, iṣu rẹ̀ ń tàn kálẹ̀, ó sì ń gba etí odò mọ́ àwọn ewéko tí ó bá níbẹ̀ lọ́wọ́. Ní Àríwá Amẹ́ríkà ó ti di èpò, àwọn ìpínlẹ̀ kan, tí Massachusetts wà lára wọn, sì ti fi òfin de títà rẹ̀. Bí ilẹ̀ yín kò bá sí ní ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá, tí omi sì ń ṣàn láti inú ọgbà yín lọ sínú odò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sílẹ̀. Iris versicolor, ọmọ ilẹ̀ ìlà-oòrùn Àríwá Amẹ́ríkà, yóò ṣe iṣẹ́ kan náà fún ẹni tí ń gbé ní àgbègbè rẹ̀, òdòdó aró sì ni tirẹ̀.

Òjìji, àti ibi tí òtútù kì í dé

Fún abẹ́ igi, ẹ̀yà méjì ni mo mọ̀ tí mo lè fọkàn tán. Iris foetidissima ń fara da òjìji gbígbẹ. Òdòdó rẹ̀ kò gba ojú, ṣùgbọ́n nígbà ìwọ́wé èso rẹ̀ a là, hóró pupa bí iná a sì wà lára rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Iris cristata kúrú, kò ju sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 lọ, ó sì ń tẹ́ ilẹ̀ bí ẹní lábẹ́ àwọn igi tí ewé wọn ń wọ́. Bí ẹ bá ní òjìji, ẹ má fi onírùngbọ̀n dánwò síbẹ̀ rárá.

Níbi tí òtútù kì í ti í dé, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọ̀pọ̀ onírùngbọ̀n àti Sàìbéríà nílò ọ̀sẹ̀ púpọ̀ nínú òtútù kí wọ́n tó lè di ìrudi, láìsí èyí, ewé nìkan ni wọn yóò máa yọ. Louisiana ni ẹ lè fi dánwò níbẹ̀. Dietes, ìbátan áírísì tí ó wá láti gúúsù àti ìlà-oòrùn Áfíríkà, sì wà fún ẹni tí ó bá kàn fẹ́ irú òdòdó bẹ́ẹ̀ láìsí wàhálà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òdòdó rẹ̀ kì í pẹ́.

Kòkòrò àti ìjẹrà

Ọ̀tá tí ó le jù fún onírùngbọ̀n ní ìlà-oòrùn Àríwá Amẹ́ríkà ni ìdin àfòpiná kan tí ń jẹ́ Macronoctua onusta. Ìyá rẹ̀ ń yé ẹyin sára ewé gbígbẹ nígbà ìwọ́wé, ẹyin náà ń pa nígbà ìrúwé, ìdin a wá gba inú ewé lọ sísàlẹ̀ títí tí yóò fi dé inú iṣu. Àmì rẹ̀ ni ìlà tútù tí ó dà bí omijé lára ewé tuntun. Bí ẹ bá rí i, ẹ fi ìka méjì fún ewé náà láti òkè wá sísàlẹ̀, kí ẹ pa ìdin náà síbẹ̀ kó tó dé iṣu. Ibi tí ó bá gbà wọlé ni bakitéríà ìjẹrà ń gbà tẹ̀ lé e, òórùn ni yóò sì kọ́kọ́ sọ fún yín. Ẹ hú iṣu náà, ẹ fi ṣíbí há gbogbo ibi rírọ̀ kúrò títí tí ẹ óò fi kan ibi líle, ẹ sá a sí oòrùn fún ọjọ́ díẹ̀ kó tó padà sínú ilẹ̀, kí ẹ sì fi omi tí ó ní bílíìṣì, ìwọ̀n kan sí mẹ́sàn-án omi, nu ọ̀bẹ láàárín iṣu kan sí òmíràn. Ìdin yìí lè wọ Sàìbéríà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kì í sábà rí i ṣe bíi ti onírùngbọ̀n. Fún méjèèjì, kíkó ewé gbígbẹ kúrò lẹ́yìn tí òtútù bá ti pa wọ́n ni oògùn tí ó dájú jù.

Rírà, àti ibi tí a ó gbìn ín sí

Iṣu onírùngbọ̀n lè wà láìsí erùpẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìdí nìyí tí a fi ń fi í ránṣẹ́ ní gbígbẹ. Bí tiyín bá dé, ẹ tẹ̀ ẹ́: èyí tí ó wúwo tí ó sì le ni ẹ fẹ́. Sàìbéríà àti Jàpáánì gbọ́dọ̀ dé pẹ̀lú ọ̀rinrin lára gbòǹgbò, bí wọ́n bá sì dé ní gbígbẹ, ẹ rì wọ́n sínú omi di ọjọ́ kejì kí ẹ tó gbìn wọ́n. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn ti wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán kí ilẹ̀ tó dì, torí pé ilẹ̀ tí ó ń dì tí ó sì ń yọ́ a máa ti irúgbìn tí kò tíì ta gbòǹgbò jáde.

Ọgbà mìíràn sì wà tí apá kan rẹ̀ gbẹ tí apá kejì rẹ̀ tutù, bíi tèmi. Níbẹ̀ mo kọ ebè tí ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 20, mo po iyanrìn mọ́ erùpẹ̀ rẹ̀, mo sì gbin àwọn onírùngbọ̀n agbedeméjì sí orí rẹ̀ pẹ̀lú àlàfo sẹ̀ǹtímítà 30 sí 45. Ìsàlẹ̀ ebè, níbi tí omi òjò ń ṣàn dé tí ó sì ń dúró díẹ̀, ni Sàìbéríà wà, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àlàfo sẹ̀ǹtímítà 60, ní ìhà tí òjìji ewé gíga wọn kò fi ní bọ́ sórí iṣu àwọn tí ó wà lókè. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iṣu mẹ́ta mẹ́ta lókè àti nísàlẹ̀, nítorí pé láàárín ọdún mẹ́ta, èyí tí yóò hú nínú onírùngbọ̀n nìkan yóò tó gbin ebè mìíràn.